Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Ó Fòfin De Òjò

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nípa Dísù Àdìnlẹ́wà ní Dublin ni pé nígbà tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Nàìjíríà, ó fòfin de òjò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn tó sọ ọ́ kò rẹ́rìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù Jamaldeen tó ń gẹ irun ní Moore Street lọ̀rọ̀ náà ti jáde, lọ́jọ́ Sátidé kan tí gbogbo àga kún, tí àwọn tí kò ríbi jókòó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Jamaldeen ní ọmọ Òkè-Ìràwọ̀ kan náà ni bàbá òun àti Dísù, ojú bàbá òun ló sì ṣe. Wọ́n dìbò, òfin wọlé, òjò sì gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ títí ọdún fi yí.

"Irọ́ ni," ni ọkùnrin tó wà lórí àga sọ. Ìdajì orí rẹ̀ ti dán, ìdajì ṣì wà bó ṣe gbé e wá láti ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mi orí. Màá gé yín létí, ẹ ó wá sọ pé Dísù ló fòfin de etí."

Kí ó tó gẹ ìdajì kejì tán, ìròyìn ti rékọjá odò Liffey. Nígbà tó fi máa dé Tallaght, Dísù ti rán ọlọ́pàá lọ mú ìkùukùu. Nígbà tó dé Blanchardstown, ó ti bu owó ìtanràn lé àrá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń jáde ní mọ́sáláṣí, ọkùnrin kan tí Dísù kò mọ̀ rí dì í lápá mú níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní July. Ṣé ẹ lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀ July?"

Dísù kò dé Mẹ́kà rí, nítorí náà Alhaji yẹn pàápàá, wọ́n kàn fi dá a lọ́lá ni. Ó bọ bàtà rẹ̀, ó ní, "Inṣá Allah," ó sì yára lọ.

Ẹ rò ó wò ná. Dublin! Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún, tó ń dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí kì í gba ìsinmi. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síni lára. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ìdajì rẹ̀ jóòótọ́.

Kí Dísù tó di Ọnọ́rébù, tíṣà ni. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òkè-Ìràwọ̀. Ó lè di ojú, kí ó fi ẹfun ya odò Niger láti orísun títí dé òkun, kò ní ṣi ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ohùn, ó jọ pé inú kíláàsì ló wà. Ohùn ẹ̀fọn tó ní ìwé ẹ̀rí ni Ọlọ́run fún un. Àwọn ọmọ tó jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn ka ìwé mẹ́wàá jáde láìmọ̀ pé Jọ́gíráfì ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Lọ́dún 1983, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń wá ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ ní Òkè-Ìràwọ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bá alága jà, ẹni tó tẹ̀ lé e ti sá lọ sẹ́gbẹ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí tíṣà kan tí kì í pariwo. Wọ́n ní, "Èyí ò ní yọ wá lẹ́nu." Bí Dísù ṣe wọlé nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé lọ sílé aṣòfin. Odò kan wà ní Òkè-Ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Aláàpọn. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn ọmọ kì í lè gbà á kọjá lọ sílé ìwé. Dísù fẹ́ kí ìjọba kọ́ afárá sórí rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ sórí níwájú dígí, ó mọ ibi tó ti máa gbọ́wọ́ sókè, ó mọ ibi tó ti máa dákẹ́ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, kí ìtìjú má bàa pa àwọn ọmọ wọn. Ilé aṣòfin tuntun tí wọ́n ń kọ́ ṣì wà ní ìpìlẹ̀. Koríko ti hù nínú ìpìlẹ̀ náà, àwọn ewúrẹ́ sì ti jókòó ìpàdé níbẹ̀ ju àwọn aṣòfin lọ. Nítorí náà, inú ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ ni wọ́n fi wọ́n sí. Òrùlé páànù ló wà lókè, òórùn kòkó ló wà nílẹ̀, àwọn Ọnọ́rébù wà láàárín. Lọ́jọ́ tó kan Dísù, ó dìde nínú agbádá tí sítáàṣì mú le gbagidi, ó ní, "Olórí Ilé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi," òjò sì dé.

Àwọn tó ti gbénú ilé onípáànù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé òjò ń rọ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ láti ojú ọ̀run. Dísù sọ̀rọ̀ títí dé òpin. Ó gbọ́wọ́ sókè níbi tó yẹ, ó dákẹ́ níbi tó yẹ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tó jókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ẹnu kan etí rẹ̀, ó pariwo pé, "Ó dáa gan-an! Kí lẹ sọ?"

Wọn ò sì dúró kí òjò dá. Olórí Ilé ń la ẹnu, àwọn aṣòfin ń la ẹnu, akọ̀wé ń mi orí. Nígbà tí òjò dá, wọ́n bi akọ̀wé léèrè ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Akọ̀wé ní òun rò pé àwọn ni wọ́n mọ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ òfin tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wa ti máa rú u.

Inú bí Dísù. Nígbà tí wọ́n tún jókòó, ó fi ohùn ẹ̀fọn yẹn dá àbá kan ṣoṣo: pé kí ilé náà má ṣe dìbò nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àti pé ìbò tí wọ́n bá dì nínú òjò, òfo ni. Oòrùn ń ràn, wọ́n gbọ́ ọ. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni gbogbo ilé fi gbè é lẹ́yìn, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kálukú lè máa lọ sílé. Àbá wọlé.

Òjò sì dá.

Ìparí oṣù October ni. Ó yẹ kó dá. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní Jọ́gíráfì mọ̀ pé yóò dá, kódà ó ti ya àtẹ rẹ̀ sójú pátákó lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dísù dé Òkè-Ìràwọ̀, àwọn ènìyàn ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, wọ́n ń wo òun náà. Obìnrin kan kúnlẹ̀. Ó yẹ kó sọ òótọ́ fún wọn níbẹ̀. Ńṣe ló gbọ́wọ́ sókè, ó ń jù ú sí wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Wọ́n ṣèlérí fún un pé tí ọdún tuntun bá ti wọlé, wọ́n á tún fún un láyè láti sọ̀rọ̀ afárá rẹ̀. Ọdún tuntun kò tíì wọlé tí àwọn ológun fi wọlé. Wọ́n ti ilé aṣòfin pa, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ. Oṣù mẹ́ta, àbá kan, ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́: gbogbo iṣẹ́ aṣòfin Dísù Àdìnlẹ́wà nìyẹn látòkèdélẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò pẹ́ kó tó dé. Iṣu ń gbẹ nínú ebè. Àwọn àgbà ìlú kó ara wọn jọ, wọ́n wá bá a nílé, wọ́n jókòó, wọ́n túfìlà.

"Ọnọ́rébù, a mọ̀ pé ẹ ò ní ọkàn burúkú sí wa. Ẹ bá wa gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn."

Dísù lè sọ fún wọn pé òun kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, tí àgbààgbà túfìlà síwájú rẹ̀ pé kí ó bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. Ó wú u lórí. Ó wúkọ́, ó ní, "Ilé aṣòfin nìkan ló lè pa òfin aṣòfin rẹ́. Àwọn ológun sì ti ti ilé aṣòfin pa."

Àwọn àgbà wojú ara wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn dé fìlà rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Dísù ti wà nínú ọkọ̀ Èkó.

Ní Èkó, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù wọlé ní Àpápá, ó fẹ́ Adéjùmọ̀kẹ́, wọ́n bí Nàbílà. Lọ́dún 1999, wọ́n kó ara wọn dé Dublin, ó sì tún bá ẹrù pàdé ní èbúté ibẹ̀. Ọdún owó ni ọdún wọ̀nyẹn. Kéréènì pọ̀ lójú ọ̀run Dublin débi pé àwọn ẹyẹ ń gba ìwé ìrìnnà. Àwọn ará Ireland tí bàbá wọn ń jẹ ọ̀dùnkún lásán ti ń ra ilé kejì ní Bulgaria láì mọ ibi tí Bulgaria wà. Gbogbo àga aláwọ tí wọ́n ń jókòó lé nínú àwọn ilé tuntun, abẹ́ ọwọ́ Dísù ni wọ́n gbà kọjá ní ilé ìkẹ́rùsí. Òun àti ìdílé rẹ̀ gba ilé ní Ongar, níbi tí ilé ti ń hù ju ilé ìwé lọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ọnọ́rébù fún ọdún gbọọrọ, àfi ìyàwó rẹ̀, nígbà tí inú bá ń bí i.

Lọ́dún 2004 ni nǹkan yí padà. Ìdìbò káńsù ń bọ̀ lóṣù kẹfà, òfin Ireland sì gbà kí ẹni tó bá ń gbé àdúgbò, ì báà jẹ́ ọmọ ìlú, ì báà jẹ́ àlejò, dìbò, kí ó sì du ipò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lágbègbè náà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, fẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa fà kalẹ̀, kí ìbò má bàa pín. Ẹni méjì ló fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ni Láńrewájú tó ń wa takisí, olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ohùn rẹ̀ nìkan tó ìjọ. Bí ó bá kí ènìyàn ní Clonsilla, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin níwájú lọ́hùn-ún á dáhùn. Ẹnì kejì ni Dísù.

Dísù kò wá owó, kò wá ọkọ̀, kò tilẹ̀ wá orúkọ. Ohun tó fẹ́ ni kí ó dìde nínú ilé kan, kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ. Ogún ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀. Ó ti yọ afárá kúrò níbẹ̀, ó ti fi ibùdókọ̀ Ongar sí i, ibi tí àwọn ìyá àti ọmọ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò láìsí òrùlé kékeré kan lórí wọn. Àwọn ibi tó ti máa gbọ́wọ́ sókè kò yí padà.

Jamaldeen ló ń ṣe kámpéènì fún un. Òun náà ló lọ tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń pín: ỌNỌ́RÉBÙ DÍSÙ ÀDÌNLẸ́WÀ, AṢÒFIN FÚN ỌDÚN MẸ́RIN.

"Jamaldeen, oṣù mẹ́ta ni mo lò."

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó ni wọ́n dìbò yín fún?"

"Mẹ́rin."

"Ta ló kó ìyókù lọ?"

"Àwọn ológun ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí olè bá jí tẹlifíṣọ̀n yín, ṣé kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n yín ni mọ́?"

Jamaldeen kan náà yìí ló sọ ọ̀rọ̀ òjò sígboro, ó rò pé kámpéènì lòun ń ṣe. Nílé, ẹnu Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá aṣọ sẹ́yìnkùlé ni òjò tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọnọ́rébù! Ẹ jáde wá fòfin de èyí! Ṣòkòtò yín ló ń tutù."

Nàbílà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Èkó, sọ̀rọ̀ láti yàrá ìdáná pé kí bàbá òun bá àwọn dá sí òjò ọjọ́ eré ìdárayá ilé ìwé náà, "Ah go on, Da, do sports day for us as well. Be grand."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn ń ràn, èyí tó yẹ kó ti fu ẹnikẹ́ni tó bá mọ Dublin lára. Ilé ìwé kan lágbègbè náà ló yá wọn ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ọgbà nítorí pé ọmọ ti pọ̀ ju ilé lọ. Bí Dísù ṣe wọlé, ojú rẹ̀ lọ sókè. Páànù ni òrùlé. Ọkàn rẹ̀ kan ní kó padà sílé.

Alága ìpàdé ni Ọlálẹ́yẹ, àgbàlagbà apòògùn tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún nítorí ó mọ àìsàn tó ń ṣe kálukú. Ó ní kí Láńrewájú kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará," ni Láńrewájú wí, gíláàsì ojú fèrèsé sì gbọ̀n, "mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀gbọ́n Dísù, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá òjò ṣẹjọ́ ní Nàìjíríà, tó bá dé káńsù, kí ló tún fẹ́ bá ṣẹjọ́ ní Ireland? Atẹ́gùn?"

Ilé wó fún ẹ̀rín.

"Ọlọ́run ló ń rọ òjò. Èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ alátakò Ọlọ́run o."

"Gbà á!" ni àwọn akọrin rẹ̀ pariwo lọ́wọ́ ẹ̀yìn.

Ó wá kan Dísù. Ó dìde, ó tún kọ́là ṣe, ó ní, "Alága, ẹ̀yin ará mi," ohun kan sì dún kó lórí páànù.

Ó dúró díẹ̀. Kó. Kó-kó. Lẹ́yìn náà, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́.

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀, àmọ́ nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ló ń sọ mọ́. Odò Aláàpọn wọnú Ongar, àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba odò kọjá. Ó gbọ́wọ́ sókè níbi tó yẹ. Ó dákẹ́ níbi tó yẹ. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tó jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọwọ́ fẹ́ já, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rí àṣìṣe kan tọ́ka sí nínú rẹ̀. Jamaldeen ń nu omijé.

Ọlálẹ́yẹ dìde, ó la ẹnu. Ó jọ pé ó ní kí àwọn tó fẹ́ Láńrewájú dáhùn. Ẹnu là. Ó tún la tirẹ̀. Ó jọ pé Dísù ni báyìí. Ẹnu tún là. Kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí náà ó wo èwo ló là jù. Àwọn oníbàárà Jamaldeen, tó ti mọ́ wọn lára láti máa pariwo bo ìró ẹ̀rọ ìgẹrun, ló la ẹnu gbooro jù. Ọlálẹ́yẹ rìn lọ síwájú, ó di ọwọ́ Dísù mú, ó gbé e sókè.

Wọ́n fò mọ́ ọn. Ẹnì kan ti gbé e lé èjìká. Ó wọlé! Lórí èjìká tí ó ti ń gùn lọ ló ti wo ọwọ́ ẹ̀yìn, ó sì rí Láńrewájú. Ó ń sọ nǹkan. Ó ń nawọ́ sí páànù, ó ń nawọ́ sí àwọn ènìyàn, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Olóhùn gooro! Òun náà ń pariwo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Dísù mọ ojú yẹn. Ojú rẹ̀ ni, nínú ilé kòkó, lọ́dún 1983.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀."

Wọn ò gbọ́. Ó yọ ara rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹja, ó gun orí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké tí àwọn ọmọ ń jókòó lé, ó nawọ́ méjèèjì, ó dúró. Ó dúró títí. Òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ó di wínniwínni.

"Alága," ni ohùn ẹ̀fọn wí, "ìbò yìí, òfo ni."

"Ẹ̀gbọ́n!" Jamaldeen di orí mú. "Ẹ ti wọlé o! Ẹ jókòó!"

"Ìbò tí a bá dì nínú òjò, òfo ni. Èmi ni mo dá àbá yẹn. Wọ́n ti ilé aṣòfin pa, àmọ́ kò sẹ́ni tó pa àbá náà rẹ́. Èmi ò gbọ́ ohun tí Láńrewájú ń sọ nínú òjò yìí. Ẹ̀yin náà ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Kí la wá dìbò lé lórí?"

Láti ìlà kejì ni Jùmọ̀kẹ́ ti sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan lábẹ́ àga.

"Bàbá Nàbílà, nígbà yẹn, ní Nàìjíríà, kí ló dé tẹ́ ò kàn nawọ́ sókè?"

Dísù wo ìyàwó rẹ̀. Ogún ọdún kọjá lójú rẹ̀, pẹ̀lú agbádá àti sítáàṣì. Ó wúkọ́.

"Alága, ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀síwájú."

Wọ́n nawọ́. Àwọn akọrin nawọ́ fún Láńrewájú, igbó ọwọ́. Àwọn ti Dísù nawọ́ tiwọn. Jùmọ̀kẹ́ na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá Nàbílà, ọwọ́ kan ni," ni Ọlálẹ́yẹ wí.

"Ìkejì ti Nàbílà ni. Ó ń ṣe họ́mùwọ́ọ̀kì nílé."

Kò ràn án. Láńrewájú ló wọlé, ó hàn gbangba. Ó wá dì mọ́ Dísù, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù kún yín," gbogbo ìpàdé sì gbọ́ ọ, nítorí ohùn rẹ̀ ni ohùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dísù lọ gẹrun ní Moore Street. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ Jamaldeen.

"Mo wà níbẹ̀! Ojú mi ló ṣe! Wọ́n gun àga, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì báyìí, òjò Ongar dá wáí! Ẹ̀rù ba àwọn akọrin, wọ́n ní àwọn ò lè gbé alágbára bẹ́ẹ̀ lọ sí káńsù àwọn òyìnbó. Ìdí tí wọ́n fi mú Láńrewájú nìyẹn o. Ọnọ́rébù ọdún mẹ́rin…"

Ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dísù wọlé, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó la ẹnu. Wọn ò gbọ́. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ̀rọ̀ títí dé òpin. Ó lọ síbi ògiri, ó na ọwọ́ kan, ó pa iná ẹ̀rọ méjèèjì.

Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo orí tó gẹ̀ dé ìdajì yíjú sí i.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Dísù wí, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó tún un wí. "Ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Òjò Ongar ò dá. Ó rọlẹ̀ ni, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Mi ò fòfin de òjò rí. Àbá ni, kì í ṣe òfin, ìbò inú òjò sì ni mo dè. Oṣù October ló dá òjò ti Nàìjíríà yẹn dúró. Mo mọ̀ nígbà náà, mi ò sọ, nítorí ó dùn mọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ́ Ọnọ́rébù, Jamaldeen, oṣù mẹ́ta. Mi ò tíì dé Mẹ́kà."

"Ẹ̀gbọ́n…"

"Mi ò tíì parí. Ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan níwájú gbogbo ayé, mo sì fi ikọ́ dá a lóhùn." Ó wo gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀ níbi tó yẹ. "A jókòó sábẹ́ páànù ilé aṣòfin yẹn, agbẹjọ́rò wà láàárín wa, dókítà wà, tíṣà wà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀: ká nawọ́ sókè, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rò ó nínú wa."